Fọ́ọ̀mù tí ọmọ kíláàsì kẹwàá ń kì bọ báàgì

Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejì, àwọn háísùkúù agbègbè Houston níbí máa ń gbé fọ́ọ̀mù kan fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi mú kọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀. Àwọn iléèwé kan ṣì ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, àwọn mìíràn ní kí ọmọ lọ kún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, àpótí kéékèèké wà níwájú wọn tí ọmọ máa fàmì sí, ìlà kan sì wà nísàlẹ̀ tí òbí máa fọwọ́ sí. Ọmọ á ká a, á kì í bọ báàgì, kò ní yọ ọ́ títí yóò fi ku ọ̀la tí wọ́n máa gbà á. "Mummy, sign here." Mummy tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé á wá bírò, á fọwọ́ sí i nínú kíṣíìnì lórí ìdúró, ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ lónìí ni pé fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni fọ́ọ̀mù yunifásítì. Èyí tí ọmọ máa kún ní kíláàsì kejìlá, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló kàn máa kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì àwọn kánsẹ́lọ̀, àwọn tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì àti yunifásítì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní háísùkúù kan nítòsí ibi tí à ń gbé. Èmi kọ́ ni kánsẹ́lọ̀ o. Èmi ni mò ń gba fọ́ọ̀mù, tí mò ń to fáìlì, tí mo sì ń dá òbí tó bá fi ìbínú pe fóònù lóhùn. Kí n tó kó wá síbí, olùkọ́ ìṣirò ni mí l'Óṣogbo. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo máa ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá àti òbí tó bá ráyè. Transcript ni ìwé tí gbogbo kọ́ọ̀sì àti máàkì ọmọ wà nínú rẹ̀; àwọn ọmọ ti sọ mí ní Àǹtí Transcript. Orúkọ tí àwọn ọmọ Òṣogbo sọ mí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà mo gbà á.

Ohun tó ń dà wá láàmú, àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé, ni pé ìdánwò la mọ̀. WAEC, JAMB, post-UTME. Ẹni tó bá fi SS1 àti SS2 ṣeré, tó wá jí ní SS3, tó gbé ẹsẹ̀ sínú omi tútù lóru tó fi kàwé, ó lè gba máàkì tó dáa kó sì wọ Ifẹ̀. A mọ irú wọn. Ẹlòmíràn nínú wa, òun fúnra rẹ̀ ni irú wọn. Nítorí náà, bí ọmọ bá mú C wálé nínú Chemistry kíláàsì kẹwàá, bàbá á ní, "Ọmọdé ṣì ni, á jí tó bá yá." Níbí, C yẹn ti wọ ìwé. Kò sí ìdánwò kan níwájú tó máa pa á rẹ́.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé nílé, SS1 ni wọ́n ti máa ń pín wa sí sáyẹ́ǹsì, art àti commercial. Bí o bá ti wọ sáyẹ́ǹsì, iléèwé ló máa to iṣẹ́ rẹ fún ọ, o ò ní ẹnu ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Níbí, kò sẹ́ni tó ń pín ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń ṣa kọ́ọ̀sì bí ẹni ń ṣa ọjà lórí àtẹ, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì mú lòun náà fẹ́. Kánsẹ́lọ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn sọ pé ọmọ 250 ló yẹ kí kánsẹ́lọ̀ kan máa bójú tó. Ẹ bi iléèwé ọmọ yín léèrè iye tó wà lọ́rùn tiwọn. Ẹni tó ní irinwó ọmọ lọ́rùn ò lè mọ̀ pé tiyín fẹ́ ṣe dókítà, àfi tí ẹ bá sọ fún un.

Ní Texas, òfin tún wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1997, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yìí ṣòfin pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá 10 àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì rẹ̀, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á. Àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ sí UT Austin (University of Texas tó wà ní Austin) wá pọ̀ débi pé ní 2009, wọ́n tún òfin náà ṣe fún UT nìkan: ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àyè tó wà fún ọmọ Texas ni wọ́n máa fi òfin yẹn kún, òfin ò fipá mú UT ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tiwọn fi ń lọ sílẹ̀. Ìdá 6 ló wà fún ọdún bíi mélòó kan. Fún àwọn tó máa wọlé láti ìgbà ìwọ́wé 2026, ó ti di 5. Bí kíláàsì ọmọ yín bá jẹ́ 600, ọgbọ̀n ọmọ péré nìyẹn.

Ipò wo ni wọ́n ń wò? Ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kejìlá ni ọmọ ń fi orúkọ sílẹ̀, torí náà ipò tó wà nígbà tó parí kíláàsì kọkànlá ni wọ́n máa rí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kẹsàn-án, kẹwàá, kọkànlá. Nígbà tí ọmọ bá fi máa parí kíláàsì kẹwàá, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó máa gbé e dé ipò yẹn ti kọjá lọ. Kí ẹ tún fi sọ́kàn pé GPA, ìpíndọ́gba máàkì ọmọ, tí wọ́n fi ń to ipò, èyí tó ní ìwọ̀n ni. Kọ́ọ̀sì AP, kọ́ọ̀sì háísùkúù tí wọ́n ń kọ́ dé ìwọ̀n ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, máa ń wúwo ju kọ́ọ̀sì lásán lọ, àmọ́ bí ó ṣe wúwo tó, district kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn iléèwé agbègbè kan, ló ní tirẹ̀. Níbì kan, B nínú AP lè bá A nínú kọ́ọ̀sì lásán dọ́gba; níbòmíràn, ó lè jù ú. Ẹ béèrè. Ó wà nínú ìwé tí iléèwé ń gbé jáde lọ́dọọdún nípa kọ́ọ̀sì, ìwé tí kò sẹ́ni tó ń kà.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ẹ má baà fi ìdùnnú fò kọjá ibẹ̀: kí UT gba ọmọ nítorí ipò rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà á sí ẹ̀ka tó fẹ́. Fún computer science, ẹnjiníà tàbí business, wọ́n ṣì máa yẹ ìwé rẹ̀ wò. Kí ni wọ́n máa wò níbẹ̀? Ohun tó mú ní fọ́ọ̀mù. Láti 2025, UT sì ti ní kí ọmọ mú máàkì SAT tàbí ACT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, wá.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, bóyá torí pé iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀ ni. Láìpẹ́ yìí, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi ní Sátidé. Ó jókòó tán, ó ní, "Àǹtí, ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe o. Láti kékeré ló ti ń tú rédíò." Mo tẹ́ transcript ọmọ náà sílẹ̀. Máàkì rẹ̀ dáa, A ló pọ̀ níbẹ̀. Mo yí àpòòwé kan padà, mo fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kẹsàn-án, Algebra 1. Kẹwàá, Geometry, èyí tó ń ṣe lọ́wọ́. Kọkànlá, Algebra 2. Kejìlá, Precalculus. Mo wá sún àpòòwé náà sí ọmọ náà, mo ní kó bá mi kọ Calculus síbi tó yẹ.

Ó gbé bírò dúró. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọdún ti tán."

Ìyá rẹ̀ gba àpòòwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà wò ó. "Ta ló yẹ kó sọ èyí fún mi?" Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń bá wí, mo dákẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ìṣirò níbí ní àtẹ̀gùn, ẹ ò lè fò ó. Ọmọ tó bá ṣe Algebra 1 ní kíláàsì kẹjọ á dé Calculus ní kejìlá láìsáré. Ọmọ tó bá ṣe é ní kẹsàn-án, àfi kó há ọdún kan mọ́ra níbì kan. Kò sí òfin tó ní ẹni tí kò ṣe Calculus ní háísùkúù ò lè di ẹnjiníà, ọ̀pọ̀ ló sì ti dì í. Àmọ́ nígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò bá gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ tó ṣe é, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ń lọ. Ohun tí kíláàsì kẹwàá sì dáa fún ni pé àyè ṣì wà. Ọmọ náà lè ṣe Algebra 2 ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó wọ Precalculus ní kọkànlá, kó bọ́ sí Calculus ní kejìlá. Bó bá jẹ́ oṣù yìí lọ́dún tó ń bọ̀ ló wá, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wo?" Ìyá rẹ̀ fọwọ́ lérí. "Ìyá mi ń pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù Keje. A ti san owó aṣọ ẹbí. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo kàlẹ́ńdà nìyẹn. Kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti district wọn ní èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì àkọ́kọ́ máa parí kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú. Ìdajì kejì ńkọ́? Ọmọ náà bi mí bóyá Wi-Fi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá rẹ̀ ní kó má rí òun fín, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ dáa ju ti ilé wọn ní Richmond lọ. Mo ní kí wọ́n ra data púpọ̀, kí wọ́n sì ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ibi tí a bá a dé nìyẹn. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò wọn ní kíláàsì karùn-ún, ẹ tẹ́tí sí èyí: Texas ṣòfin kan ní 2023 pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá 40 àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní STAAR, ìdánwò ìpínlẹ̀ yìí, ti ìṣirò kíláàsì karùn-ún, kí iléèwé fi í sí ìṣirò tó ga ní kẹfà láìdúró de kí òbí béèrè. Àtẹ̀gùn yẹn ló bọ́ sí Algebra 1 ní kẹjọ. Òbí lè ní kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ torí pé ó sunkún.

AP àti dual credit ni wọ́n ń bi mí jù. AP, háísùkúù ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìdánwò rẹ̀ ń wáyé ní oṣù Karùn-ún, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5, owó ìdánwò náà tó bíi $100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn district kan sì ń bá ọmọ san án. Ní Texas, òfin ní kí yunifásítì ìjọba fún ọmọ tó gba 3 ní kírẹ́díìtì, àfi bí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé máàkì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kọ́ọ̀sì yẹn nílò. Dual credit ní tirẹ̀, kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Houston Community College, ọmọ ń gba kírẹ́díìtì háísùkúù àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pọ̀. Láti 2023, ìpínlẹ̀ ti dá ètò FAST sílẹ̀: ọmọ tó bá yẹ fún oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tàbí ti ẹ̀dínwó, kò ní san kọ́bọ̀ lórí dual credit ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ètò náà. Àwọn òbí wa kan yẹ fún un, ojú ló ń tì wọ́n láti kún fọ́ọ̀mù oúnjẹ. Ẹ kún un.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti ń pe ọmọ yín ní Dókítà láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Máàkì dual credit, máàkì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, títí ayé. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé ìṣègùn, AMCAS tó ń gba ìwé fún ọ̀pọ̀ iléèwé ìṣègùn orílẹ̀-èdè yìí, àti TMDSAS tó wà fún ti Texas, àwọn méjèèjì máa ní kó mú transcript gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ṣe rí wá, wọ́n á sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ GPA rẹ̀. C tó gbà ní Biology nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń fi ìdajì ojú kàwé torí pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù, máa jókòó síbẹ̀ níwájú àwọn tó ń wá dókítà. Ti AP ò rí bẹ́ẹ̀: bó bá gba 2, kò sí ẹni tó máa kà á mọ́ GPA kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ọmọ tó bá ń lé ìṣègùn fi AP ṣe sáyẹ́ǹsì, kó fi dual credit ṣe ohun tó mọ̀ pé òun máa gba A nínú rẹ̀ láìfọ̀rọ̀ gùn, bí ìtàn Amẹ́ríkà tàbí English. Ọ̀kan nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní owó tí ọmọ máa fi dual credit dín kù ní yunifásítì ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ. Òun náà ò jẹ̀bi. Ọmọ tó fẹ́ lọ sí yunifásítì ìjọba Texas máa jẹ àǹfààní owó yẹn, torí kírẹ́díìtì rẹ̀ á tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni tó lórúkọ níta Texas kì í sì í gba kírẹ́díìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ fi gba ìwé ẹ̀rí háísùkúù.

Kí ẹ má sì wá tìtorí ohun tí mo sọ yìí di AP mẹ́fà ru ọmọ lórí ní ọdún kan kó lè ju ọmọ Pásítọ̀ lọ. Mo rí wọn ní ọ́fíìsì wa. Wọ́n ń sùn lórí àga tí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró de kánsẹ́lọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Nígbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì kẹsàn-án ní Texas, á mú endorsement kan, ìyẹn ẹ̀ka tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ máa dá lé: STEM, Business and Industry, Public Services, Arts and Humanities tàbí Multidisciplinary. Òfin gbà pé lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá, ọmọ lè jù ú sílẹ̀, kó jáde pẹ̀lú ètò kékeré, bí òbí bá fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn lè bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí ọmọ ń ráhùn pé Algebra 2 le. Ẹ má fọwọ́ sí i. Láìsí endorsement, kò sí Distinguished Level of Achievement, ìpele tó ga jù nínú ètò ìjáde háísùkúù. Distinguished Level, tó ní Algebra 2 nínú, sì ni ọ̀nà tààrà tí ọmọ iléèwé ìjọba fi ń jẹ àǹfààní òfin 1997 yẹn. Ọmọ lè wà ní ipò kẹta ní kíláàsì kí àǹfààní náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti èdè, inú mi dùn láti sọ ọ́. Ọdún méjì èdè kan náà ni ọmọ nílò láti jáde, àwọn yunifásítì tó le sì fẹ́ràn kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Spanish ni gbogbo ọmọ wa ń mú, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Avant STAMP WS, Yorùbá wà nínú rẹ̀: kíkọ àti sísọ ni wọ́n ń dán wò. Àwọn district kan ń gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ fún kírẹ́díìtì èdè. Ẹ bi ti yín léèrè, kí ẹ dárúkọ ìdánwò náà fún wọn, torí kánsẹ́lọ̀ lè má mọ̀ pé Yorùbá wà níbẹ̀. Mo dán àwọn ọmọ wa wò ní Sátidé kan. Ọmọbìnrin kan tí ìyá-ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà sọ Ìjẹ̀ṣà fún mi débi tí mo fi ń rẹ́rìn-ín. Ó bú mi pàápàá, ó bú mi dáadáa. Mo wá fún un ní pépà kó kọ ìlà márùn-ún nípa oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ó kọ "Mo like iyan", ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ lè fún mi ní ọdún kan?" Mo ní ọdún méjì ló ní, kó lọ bẹ̀rẹ̀.

PSAT, ìdánwò tó ṣáájú SAT, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ni. Ti kíláàsì kẹwàá, ìgbáradì ni. Ti kọkànlá ni National Merit, ètò ẹ̀bùn owó fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù, ń wò. Ọmọ tó bá rí ohun tó gbà ní kẹwàá ní odidi ọdún kan láti tún un ṣe, Khan Academy, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má tíì san owó fún olùkọ́ aládàáni kankan.

Owó ló kù. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹwàá báyìí máa jáde ní 2028. FAFSA, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, tó máa kún fún ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, owó tó wọlé fún ẹ̀yin òbí ní 2026 ni wọ́n máa fi ṣe ìṣirò rẹ̀. 2026 la wà yìí. Bàbá kan sọ fún mi pé òun fẹ́ yọ owó 401(k) òun, owó ìfẹ̀yìntì tó ń tọ́jú níbi iṣẹ́, lọ́dún yìí kí òun fi kan páànù sí ilé òun n'Íbàdàn. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé FAFSA máa ka owó yẹn sí owó tó wọlé fún un. Kò mọ̀. Mo tún wá sọ fún un pé ilé tí ẹ ń gbé nìkan ni FAFSA kì í kà. Ilé Ìbàdàn, wọ́n máa béèrè iye tó tó. Ó dìde dúró. "Ilé tí kò tíì ní fèrèsé?" Mo ní ilé tí kò tíì ní fèrèsé ní iye tó lè tà, kó kọ iye yẹn gan-an. Owó tí ẹ sì ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín lóṣooṣù, kò sí àyè fún un nínú ìṣirò náà, bó ti wù kó pọ̀ tó; ẹ lè kọ̀wé ṣàlàyé fún ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ yunifásítì lẹ́yìn náà, àwọn míì máa ń gbọ́. Èmi kì í ṣe akáwùntáǹtì, ẹ lọ bá ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí kó tó di pé ẹ yọ nǹkan kan. Àmọ́ mo mọ èyí dájú: owó tí ẹ bá tọ́jú sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ọmọ, FAFSA máa ka ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sí ohun tó lè san lọ́dún, èyí tó bá wà lórúkọ òbí, kò lè ju ìdá 5.64 lọ. Gbogbo yunifásítì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ló tún ní ẹ̀rọ kan lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, net price calculator, tó ń sọ iye tí ìdílé bíi tiyín ṣeé ṣe kó san. Ẹ jókòó tì í ní alẹ́ kan. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi pé yunifásítì aládàáni tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani wá kéré sí ti ìjọba fún ìdílé kan tí owó wọn ò pọ̀.

Nípa ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn iléèwé, àyè mẹ́wàá ni Common App, fọ́ọ̀mù kan tí ọmọ fi ń wá àyè sí ọ̀pọ̀ yunifásítì, ní fún un, kò pọn dandan kí ó kún. Mo máa ń bá àwọn ọmọ wa jà lórí èyí, torí wọ́n rò pé robotics àti debate nìkan ló ń jẹ́ nǹkan. Ọmọbìnrin kan ń dirun fún àwọn èèyàn ní ilé wọn ní gbogbo Sátidé. Ó ní ìwé kékeré kan tó fi ń kọ orúkọ oníbàárà, irú irun, iye wákàtí, iye owó, iye ìdì irun tó rà. Ó ti ń ṣe é láti kíláàsì kẹjọ. Ó ń fi pamọ́ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ torí ó rò pé wọ́n á fojú rena rẹ̀. Mo ní kó má ju ìwé yẹn nù. Iṣẹ́ owó, títọ́jú àbúrò, ìlù gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló ní àyè níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni pé ọmọ pẹ́ nídìí nǹkan kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kẹwàá á ti ní ọdún méjì nígbà tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ ọmọ yín lọ́sẹ̀ yìí. Kó má gùn. Ẹ sọ ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́, ẹ béèrè ìṣirò tó máa parí sí, ẹ béèrè bí district ṣe ń wọn AP àti dual credit, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ mú ọmọ náà dání. Bàbá kan wá láìmú ọmọ rẹ̀ dání, ó fi gbogbo àkókò náà sọ nípa nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà wá fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó ní bí a ṣe ń ya àwòrán ilé ló wu òun. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ pátápátá lórí fọ́ọ̀mù nìyẹn, èmi ò sì lè bá wọn dá a láàárín ara wọn.

Tí iléèwé bá ti wọlé ní oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan péré ni a máa ń fi gba àtúnṣe kọ́ọ̀sì, torí wọ́n ti fi ohun tí àwọn ọmọ mú gba olùkọ́, wọ́n ti to yàrá. Ìgbà yẹn ni fóònù mi máa ń dún jù. "Kí ló dé tí ẹ ò fi ọmọ mi sí AP Chemistry?" Mo máa ń ṣí fáìlì, mo máa ń rí ìbuwọ́lù ìyá rẹ̀ níbẹ̀ gbàgàdà, mo sì máa ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo ohun tó ṣì ṣeé ṣe."